Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ Jẹ́ Ká Dẹ́kun Ìkánjú Lórí Orúnkún Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Wa

Orí pápá ni orúnkún agbábọ́ọ̀lù ti ń fara pa, àmọ́ ẹ̀yìn pápá ni wọ́n ti sábà máa ń bà á jẹ́ tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á fẹsẹ̀ gúnlẹ̀, á yí ara padà wìrì kó lè lé bọ́ọ̀lù bá, nǹkan á dún nínú orúnkún rẹ̀, á sì ṣubú. Wọ́n á bu omi tútù sí i, wọ́n á fi rọ́ọ̀bù pa á, wọ́n á ní kó máa rìn, pé yóò lọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, orúnkún ti wú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹnìkan ti fà á, ẹlòmíràn sì ti gún un lábẹ́rẹ́ nítorí ìdíje tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá gbà, ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu wọn ni pé kí wọ́n là á, kí wọ́n gé ohun tó ya sọnù, kí ọmọ lè tètè padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìwé ìròyìn yìí kò bá iṣẹ́ abẹ ṣọ̀tá, nítorí àwọn orúnkún kan wà tó jẹ́ pé dókítà oníṣẹ́ abẹ nìkan ló lè yọ wọ́n nínú ewu. Ohun tí à ń sọ ni pé àkókò ni ìtọ́jú tó wọ́n jù lọ fún orúnkún tó fara pa, òun gan-an sì ni agbábọ́ọ̀lù tí kò lówó lọ́wọ́ kì í rí rà. Ọ̀nà ìtọ́jú tó dára jù ló sábà máa ń pẹ́ jù. Èyí tó yá jù ló sì máa ń gba gbèsè lọ́wọ́ ẹni nígbà tí ọjọ́ orí bá ń lọ. Bí àwọn kíláàbù, àjọ eré ìdárayá àti ìjọba kò bá san owó àkókò yìí fún àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, ìkánjú ni yóò máa yan ìtọ́jú fún wọn.

Ká tó sọ̀rọ̀ ìtọ́jú, ó yẹ ká mọ ohun tó ń fara pa. Kèrékèré ni egungun rírọ̀ tí kì í ṣe eegun gan-an, tí kì í sì í ṣe ẹran. Oríṣi méjì ló wà nínú orúnkún. Èkíní tẹ́ pẹrẹsẹ bo orí eegun itan àti orí eegun ojúgun níbi tí wọ́n ti pàdé, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lórí ara wọn láìdunni. Èkejì ni méjì tó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ọ̀kan lápá inú orúnkún, ọ̀kan lápá òde. Meniscus ni àwọn dókítà ń pè é. Iṣẹ́ tí òṣùká ń ṣe láàárín orí àti ẹrù ni meniscus ń ṣe láàárín eegun méjèèjì. Bí ènìyàn bá na ẹsẹ̀ tó dúró, àwọn meniscus ló ń gbé bí ìdajì ìwúwo tó ń gba inú orúnkún kọjá. Bó bá ká orúnkún, ohun tí wọ́n ń gbé lè tó ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá bọ́ òṣùká sọnù tó sì ń bá ẹrù rẹ̀ lọ, kò ní í pẹ́ tí àtàrí rẹ̀ yóò fi máa dùn ún.

Ìṣòro ńlá ibẹ̀ ni pé kèrékèré kì í fi bẹ́ẹ̀ jinná fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1743 ni William Hunter, ọmọ ilẹ̀ Scotland tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀yà ara ní Lọ́ńdọ̀nù, ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ Royal Society pé kèrékèré oríkèé tó bá ti bàjẹ́ kì í padà sípò mọ́. Ìdí rẹ̀ kò le: ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ohun tí ara fi ń tún ara ṣe lọ síbi tí ọgbẹ́ wà, kò sì sí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú kèrékèré tó bo orí eegun. Ti meniscus sàn díẹ̀. Etí rẹ̀ lápá òde ń rí ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ibi tó bá ya níbẹ̀ lè jinná tàbí kí wọ́n rán an. Apá inú lọ́hùn-ún kò rí ẹ̀jẹ̀ rárá. Èyí ló fà á tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa ń béèrè ibi tó ti ya, bó ṣe ya àti ọjọ́ orí ẹni tó ni ín, kó tó sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ẹni méjì lè pariwo orúnkún lọ́jọ́ kan náà lórí pápá kan náà, kí ìtọ́jú wọn má jọra rárá.

Èyí túmọ̀ sí pé àyẹ̀wò ni ìgbésẹ̀ kìíní. Orúnkún tó wú láàárín wákàtí kan tàbí méjì sábà máa ń fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú oríkèé, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé okùn iṣan tó de eegun mọ́ eegun ló já. Èyí tó ń wú díẹ̀díẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, tó ń dunni lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń há bí ènìyàn bá fẹ́ nà án, meniscus ni dókítà yóò kọ́kọ́ fura sí. Ẹ̀rọ X-ray kì í ya àwòrán kèrékèré, eegun ló ń yà. Ẹ̀rọ MRI ló ń fi kèrékèré hàn, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré lápò ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì abẹ́lé. Ohun tó mú wa lọ́kàn le ni pé ọwọ́ dókítà eegun tàbí oníṣẹ́ físíò tó kọ́ṣẹ́ dáadáa lè mọ púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọnú ẹ̀rọ. Àwòrán nìkan kò sì gbọ́dọ̀ dájọ́. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2008, àwọn olùwádìí yẹ orúnkún àwọn ènìyàn 991 wò ní ìlú Framingham, ní Amẹ́ríkà, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 50 sí 90. Nínú àwọn tí meniscus wọn ya, ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún ni orúnkún náà kò yọ lẹ́nu rárá lóṣù tó ṣáájú. Bí orúnkún àgbàlagbà bá ń dùn ún, tí àwòrán sì fi hàn pé nǹkan ya níbẹ̀, ìyẹn nìkan kò tó ìdí láti gbé ọ̀bẹ.

Ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ná ẹnikẹ́ni lówó púpọ̀. Kí ọmọ náà jáde lórí pápá, kó má sì padà wọlé lọ́jọ́ náà bó ti wù kí akọ́nimọ̀ọ́gbá pariwo tó. Kí wọ́n fi omi dídì tí wọ́n fi aṣọ wé lé e fún ìṣẹ́jú bíi 15 sí 20, kí wọ́n fi báńdéèjì dì í láìfún un jù, kí ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Fífa orúnkún, títẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára àti fífi omi gbígbóná jó o lọ́jọ́ kìíní kò ní àǹfààní kankan. A bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń to eegun láyìíká wa, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn wọn nítorí pé wọ́n wà nítòsí, wọ́n sì gbọ́ èdè wa. Ṣùgbọ́n kèrékèré kì í ṣe eegun tó kúrò lójú àyè rẹ̀, kò sí bí fífà ṣe lè so ohun tó ya pọ̀. Bí orúnkún bá há tí kò ṣeé nà mọ́, tàbí tí ẹni náà kò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ rárá, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èyí tó ya nínú meniscus ti ká wọ àárín eegun méjèèjì. Irú èyí wà lára àwọn tí iṣẹ́ abẹ kò gbọ́dọ̀ falẹ̀ fún, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣeé rán bí wọ́n bá tètè dé.

Fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù, eré ìdárayá ìwòsàn lábẹ́ ojú oníṣẹ́ físíò ló yẹ kó ṣáájú. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fojú tín-ín-rín èyí, nítorí pé kò ní abẹ́rẹ́, kò ní àpá, kò sì sí ohun tí wọ́n máa gbé dání kúrò ní ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rí. Lọ́dún 2022, àwọn dókítà ní Denmark tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí ènìyàn 121 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 18 sí 40, tí meniscus gbogbo wọn ya. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún apá kan kíákíá. Wọ́n fi apá kejì sídìí eré ìdárayá ìwòsàn ọ̀sẹ̀ 12, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹni tí kò bá sàn lára wọn lè padà wá ṣiṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn ọdún kan, ara apá méjèèjì ti yá sí i, kò sì sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn. Nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré ìdárayá, bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ló padà lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Mẹ́ta nínú mẹ́rin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ tún hàn gbangba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwádìí kan ní Finland tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2013, wọ́n kó ènìyàn 146 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 35 sí 65 jọ, tó jẹ́ pé lílò ló mú kí meniscus wọn gbó tó sì ya. Wọ́n gé ibi tó ya fún apá kan. Fún apá kejì, wọ́n ti kámẹ́rà bọ orúnkún, wọ́n ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí etí aláìsàn gbọ́, àmọ́ wọn kò gé nǹkan kan. Lẹ́yìn ọdún kan, kò sẹ́ni tó lè fi ìrora mọ ẹni tí wọ́n gé fún yàtọ̀ sí ẹni tí wọn kò gé fún. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún bàbá ẹni ogójì ọdún tó ń gbá bọ́ọ̀lù àárọ̀ Sátidé ni pé kó fún iṣan itan rẹ̀ lókun, kó dín ìwúwo ara rẹ̀ kù bó bá sanra, kó sì ní sùúrù fún oṣù mẹ́ta kó tó béèrè ọ̀bẹ.

Bí iṣẹ́ abẹ bá wá di dandan, ìbéèrè tó kàn ni bóyá rírán ni tàbí gígé. Ọjọ́ rírán ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Thomas Annandale rán meniscus kan ní Edinburgh lọ́dún 1883. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, gbígé gbogbo rẹ̀ dànù ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ń ṣe, nítorí wọ́n gbà pé kò wúlò fún nǹkan kan. Lọ́dún 1948 ni Thomas Fairbank fi àwòrán X-ray hàn pé orúnkún tí wọ́n ti yọ meniscus rẹ̀ máa ń yí padà lọ́nà tó jọ ti orúnkún tó ń gbó. Masaki Watanabe ní Tokyo ló wá ṣí ilẹ̀kùn tuntun lọ́dún 1962, nígbà tó gba ihò kékeré kan fi awò tín-ín-rín wọnú orúnkún, tó sì gé kìkì ibi tó ya. Lónìí, ìmọ̀ràn àwọn tó mọ̀ ọ́n ni pé ohun tó bá ṣeé rán kí wọ́n rán an, ohun tí kò bá ṣeé rán kí wọ́n gé e mọ níwọ̀n.

Ibí yìí gan-an ni ìkánjú ti ń wọlé. Ẹni tí wọ́n gé apá kan meniscus rẹ̀ lè padà sórí pápá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹni tí wọ́n rán tirẹ̀ yóò fi ọ̀pá rìn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì ní í gbá bọ́ọ̀lù fún bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Ọmọ ogún ọdún tí àdéhùn rẹ̀ fẹ́ parí, tí aṣojú rẹ̀ ń sọ fún un pé àwọn ará Yúróòpù ń bọ̀ wá wò ó lóṣù tó ń bọ̀, èwo ni yóò mú? Bẹ́ẹ̀, ìwádìí ti fi hàn pé bí ìdajì àwọn tí meniscus wọn ya tàbí tí okùn iṣan iwájú orúnkún wọn já ni orúnkún wọn máa ń gbó, tó sì ń dùn wọ́n, láàárín ọdún mẹ́wàá sí ogún. Ọmọ ogún ọdún yẹn kò ní í ju ẹni ogójì ọdún lọ nígbà náà.

Àwọn gbajúmọ̀ ti fi ara wọn ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Wọ́n yọ meniscus Dwyane Wade lọ́dún 2002 nígbà tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní yunifásítì Marquette. Ó gba ife ẹ̀yẹ NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà, lẹ́ẹ̀mẹta, àmọ́ orúnkún kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Nínú eré 82 ti sáà 2013 sí 2014, eré 54 péré ló lè gbá. Derrick Rose, tí òun náà gbá bọ́ọ̀lù ní NBA, gba ọ̀nà kejì. Wọ́n rán tirẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ó jókòó di òpin sáà, ó sì tún ya ní oṣù kejì ọdún 2015. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gé e, ó sì padà láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà. Rírán kì í ṣe ìdánilójú, kò sì yẹ kí dókítà kankan sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó jẹ́ ọ̀nà láti dá ohun tí a kò ní irú rẹ̀ mọ́ sí.

Ti kèrékèré tó bo orí eegun tún le jù bẹ́ẹ̀. Bí ihò tó wà lára rẹ̀ bá kéré, dókítà lè fi irin ṣóńṣó lu eegun abẹ́ rẹ̀ níbi mélòó kan kí ẹ̀jẹ̀ àti mùdùnmúdùn inú eegun lè ṣàn jáde, kí nǹkan tuntun sì hù bo ibẹ̀. Richard Steadman ní Colorado ló sọ ọ̀nà yìí di olókìkí. Ohun tó ń hù níbẹ̀ kò lágbára tó ti àtilẹ̀wá, ó sì máa ń jẹrà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Àbájáde rẹ̀ kò rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Amar'e Stoudemire, agbábọ́ọ̀lù NBA mìíràn, ṣe é lọ́dún 2005, ó sì gbá gbogbo eré 82 ní sáà 2006 sí 2007. Greg Oden, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọ̀dọ́ tó wọ NBA lọ́dún 2007, ṣe é lọ́dún kan náà. Eré 105 péré ló gbá nínú NBA títí ó fi fi í sílẹ̀.

Fún ihò tó tóbi jù, ọ̀nà mẹ́ta mìíràn wà. László Hangody ní Hungary ṣe èyí tí wọ́n ti ń bu eegun àti kèrékèré wẹ́wẹ́ níbi tí kò ti gbé ẹrù nínú orúnkún ẹni náà, tí wọ́n sì ń tò ó sínú ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Gothenburg, ní Sweden, Lars Peterson àti Mats Brittberg bẹ̀rẹ̀ òmíràn lọ́dún 1987: wọ́n bu kèrékèré díẹ̀, wọ́n mú un dàgbà ní ilé àyẹ̀wò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n wá ṣiṣẹ́ abẹ kejì láti gbìn ín padà. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tuntun kan nínú irú rẹ̀ ní ìparí ọdún 2016, ẹni tó bá ṣe é sì lè fi bí ọdún kan gbáko dúró kó tó padà sórí pápá. Ọ̀nà kẹta ni gbígba kèrékèré lára ẹni tó ti kú. Èyí ni Lonzo Ball, agbábọ́ọ̀lù NBA, ṣe ní oṣù kẹta ọdún 2023. Oṣù kìíní ọdún 2022 ló ti gbá eré kẹ́yìn, kò sì tún gbá eré NBA mọ́ títí di oṣù kẹwàá ọdún 2024. Kíláàbù rẹ̀ ń san owó oṣù fún un ní gbogbo àkókò náà. Ọmọ wa wo ló rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé àwọn ọmọ wa kò rí i, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń sá tọ̀. Abẹ́rẹ́ steroid máa ń mú ìrora àti wíwú lọ fún ìgbà díẹ̀, ibẹ̀ sì ni ewu rẹ̀ wà fún ẹni tó fẹ́ fi orúnkún náà gbá bọ́ọ̀lù lọ́la. Ìwádìí kan ní Boston, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2017, gún ènìyàn 140 tí orúnkún wọn ti ń gbó lábẹ́rẹ́ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta fún ọdún méjì. Kèrékèré àwọn tó gba steroid jẹ ju ti àwọn tó gba omi iyọ̀ lásán lọ, ìrora wọn kò sì yàtọ̀. Àwọn kan tún ń fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọ́n á yí i nínú ẹ̀rọ, wọ́n á gún un padà sínú orúnkún lówó gọbọi. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí èyí ní Australia, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2021, lára ènìyàn 288 tí orúnkún wọn ń gbó, kò rí i pé ó sàn ju omi iyọ̀ lọ. Oògùn glucosamine tí wọ́n ń tà káàkiri bí ohun tó ń hu kèrékèré pàdánù irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2006, lára ènìyàn 1,583. Àwọn àgbà ni wọ́n fi ṣe àwọn ìwádìí wọ̀nyí, kì í ṣe ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ta á fún ọ̀dọ́ ló yẹ kó mú ẹ̀rí tirẹ̀ wá.

Ìpadàbọ̀ sórí pápá náà ní òfin tirẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tó kọjá lórí kàlẹ́ńdà nìkan ni ìwọ̀n rẹ̀. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́ físíò ń lò ni pé kí agbára ẹsẹ̀ tó fara pa tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ti ẹsẹ̀ kejì, kí ẹni náà lè fi ẹsẹ̀ kan fò, kó sì fi í balẹ̀ láìyẹsẹ̀, kí orúnkún má sì wú lẹ́yìn ìdánrawò. Ledley King, ọ̀gá ikọ̀ Tottenham ti ilẹ̀ England nígbà kan, fi ọ̀pọ̀ ọdún gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú orúnkún tí akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ sọ ní gbangba pé kèrékèré ti tán nínú rẹ̀. Kì í lè bá àwọn yòókù dánra wò láàárín ọ̀sẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2012 nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 31. Àwọn ènìyàn máa ń sọ ìtàn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtàn akínkanjú. Àwa ń sọ pé ká kà á gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀.

Àwọn ọ̀gá kíláàbù yóò ní owó kò sí. A gbà pé àwọn kíláàbù wa kì í ṣe Tottenham. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́n jù nínú ohun tí à ń bèèrè kì í ṣe ẹ̀rọ, ènìyàn ni: oníṣẹ́ físíò kan tó kọ́ṣẹ́, tó ní ìwé àṣẹ, tó sì láṣẹ láti sọ pé ọmọ yìí kò ní í gbá lónìí, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá má sì lè yí i padà. Láti ọdún 2012 ni FIFA ti ń san owó fún àwọn kíláàbù tí agbábọ́ọ̀lù wọn bá fara pa níbi tó ti ń ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀, kí owó oṣù rẹ̀ má bàa di ẹrù lọ́rùn wọn. Àwọn ọlọ́rọ̀ nínú eré yìí ti mọ̀ pé àkókò ìwòsàn ní owó tirẹ̀. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún kíláàbù ìpínlẹ̀ ní Ìbàdàn, Àkúrẹ́ tàbí Abẹ́òkúta náà yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń bá san án.

Òfin tí a lè gbára lé wà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni ààrẹ ìgbà náà fọwọ́ sí òfin àjọ NHIA, tó sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Kí àjọ líìgì má ṣe forúkọ agbábọ́ọ̀lù kankan sílẹ̀ tí kíláàbù rẹ̀ kò bá lè fi ìwé adójútòfò rẹ̀ hàn, kí ìwé náà sì kan àyẹ̀wò MRI àti oṣù ìtọ́jú físíò, kó má jẹ́ iṣẹ́ abẹ nìkan. Bí adójútòfò bá ń sanwó ọ̀bẹ tí kò sanwó eré ìdárayá ìwòsàn, gígé ló ń rà. A tún ní ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Igbobi, l'Ékòó, tó ti wà láti ọdún 1945, ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara pa nínú ogun àgbáyé kejì ló bí i, kí wọ́n lè padà dúró lórí ẹsẹ̀ wọn. Ó yẹ kí ìjọba àpapọ̀ fún un, àti fún àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀, ní owó láti ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àwọn eléré ìdárayá, kí ọmọ tó fara pa lọ́jọ́ Àìkú má bàa fi oṣù mẹ́ta wá dókítà.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, a ti mọ bí a ṣe lè dín iye àwọn tó ń fara pa kù, nílé wa níbí ni wọ́n sì ti fi hàn. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Oluwatoyosi Owoeye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ètò ìmúragbóná tí FIFA ń pè ní 11+ lọ bá àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 14 sí 19 ní líìgì àwọn ọ̀dọ́ l'Ékòó. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ogún ni wọ́n lò, àwọn ọmọ náà sì jẹ́ 416. Apá kan ń ṣe ètò náà, apá kejì ń bá ìmúragbóná tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2014, ìfarapa lára àwọn tó ṣe 11+ fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn yòókù. Ti ìsàlẹ̀ ara, níbi tí orúnkún wà, fi ìdá 48 dín. Ètò náà kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ: sísáré wẹ́wẹ́, fífún itan àti ìbàdí lókun, fífi ẹsẹ̀ kan dúró, fífò àti bíbalẹ̀ láìjẹ́ kí orúnkún ṣubú sínú. Kò gba ẹ̀rọ kankan. Bọ́ọ̀lù àti pápá ti tó.

Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí èsì yìí ti jáde. Ìwé ìròyìn yìí ń ké sí NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, àti àwọn àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá pé kí wọ́n sọ 11+ di dandan fún gbogbo ìdíje ọ̀dọ́ àti ti ilé ẹ̀kọ́, láti sáà tó ń bọ̀, kí wọ́n sì má fún akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ìwé àṣẹ tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe. À ń ké sí àwọn ọ̀gá kíláàbù pé kí àdéhùn agbábọ́ọ̀lù tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ wọn máa lọ títí ara rẹ̀ yóò fi yá, pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ yín, ẹ béèrè ohun tó ya, ibi tó ti ya, bóyá ó ṣeé rán, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́ta ṣe físíò. Dókítà tó dára kò ní í bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, aṣojú tó bá ní kí ẹ gba abẹ́rẹ́ kí ẹ lè gbá eré kan, ẹ bi í léèrè ẹni tí yóò sanwó orúnkún yín nígbà tí ẹ bá pé ogójì ọdún. Bí kò bá lè fi ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé, ẹ jókòó.